Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn fún ẹni tí ọtí tàbí oògùn ti di bárakú fún

Láti Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin ni àwọn lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ yìí ti wá. Ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà béèrè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. A gé wọn kúrú, a sì yọ orúkọ kúrò.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo gba BAC (ìwé-ẹ̀rí ìparí girama) lọ́dún tó kọjá ní Kétu níbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi méjì ni sódàbì (ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu sè) ti bayé wọn jẹ́, ó sì wù mí kí n di agbaninímọ̀ràn. Ilé ẹ̀kọ́ wo ni kí n lọ, ọdún mélòó sì ni?
(Ọmọbìnrin kan, Kétu)

Ẹnu ọ̀nà tó wọ inú iṣẹ́ yìí ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí a fẹ́ kí ẹ gbà ni kí ẹ kọ́kọ́ ní iṣẹ́ ìpìlẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹ tó wá kó ẹ̀kọ́ bárakú lé e lórí. Iṣẹ́ mẹ́ta ló bá a mu jù: nọ́ọ̀sì, assistant social (òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ), àti onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní psychologue. Fún méjì àkọ́kọ́, ẹ wádìí ilé ẹ̀kọ́ INMeS ní Kútọnu. Ẹni tó bá wà ní apá Ṣábẹ̀ẹ́ tó sì fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì lè wádìí ilé ẹ̀kọ́ IFSIO ní Parakou, torí ó sún mọ́ ọn ju Kútọnu lọ. Fún ẹ̀kẹta, Yunifásítì Abomey-Calavi ni: ọdún 3 fún licence, ọdún 2 sí i fún master. Ẹni tó bá fẹ́ máa dá jókòó pẹ̀lú aláìsàn nínú yàrá, master ni kó fojú sùn. Licence nìkan kéré.

Ẹ̀kọ́ bárakú fúnra rẹ̀ ló wá kàn. Èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò ni Universal Treatment Curriculum, UTC ni wọ́n ń gé e sí. Àjọ Colombo Plan, tí oríkò rẹ̀ wà ní Sri Lanka, ló ṣètò rẹ̀. ISSUP, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí bárakú, ń kọ́ni ní apá kan rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni fíforúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà kí ẹ má jẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì dípẹtà. Ẹ̀kọ́ 8 ló wà ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ohun tí oògùn ń ṣe nínú ara àti ọpọlọ, bí ìtọ́jú ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn àìsàn ara àti ti ọpọlọ tó máa ń bá bárakú rìn, ọgbọ́n ìgbaninímọ̀ràn, gbígba aláìsàn wọlé, yíyẹ̀ ẹ́ wò àti kíkọ ètò ìtọ́jú rẹ̀ sílẹ̀, títọpa ọ̀ràn rẹ̀ láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn, ohun tí à á ṣe nígbà tí ọ̀ràn bá le kankan, àti ìwà tó yẹ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré lọ bá, torí òun ló ní ọ̀rọ̀ sísọ nínú. Àwa gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ pẹ́ lórí èkíní. Ẹni tí kò mọ ohun tó lè pa aláìsàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta kò tíì yẹ lẹ́ni tí à ń jókòó tì fún ìmọ̀ràn, bó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé tiyín yóò fi ìdí rẹ̀ hàn.

Kí ilé ẹ̀kọ́ tó ṣí, ẹ wá ìwé ìtọ́sọ́nà mhGAP ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ẹ̀dà kejì rẹ̀ tó jáde ní 2016. Ó wà ní Faransé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀. Orí kan wà níbẹ̀ lórí ọtí àti oògùn, kò gùn, àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ ni wọ́n sì kọ ọ́ fún. Ẹ kà á títí ẹ ó fi lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá yín ní Yorùbá. Ohun tí ẹ kò bá lè sọ ní Yorùbá, ẹ kò ní lè sọ ọ́ fún ẹni tó wá bá yín láti oko Ìdígny.

Ní ti àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá yín, kí ẹ má fi wọ́n ṣe aláìsàn yín, bí ẹ tilẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí tán. Ọmọ ni ẹ ó máa jẹ́ lójú wọn, ìbínú àti àánú ẹbí yóò sì máa ti ẹnu yín ṣí. Ẹ mú wọn lọ bá ẹlòmíràn. Inú ẹ̀kọ́ kẹjọ lèyí wà, a sì ti mọ ọ̀pọ̀ tó fojú kéré rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ń mu sódàbì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ti tó ọdún mẹ́jọ. Ní ọjọ́ Ajé a tì í mọ́lé kó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń làágùn. Ní òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gìrì gbé e. Ní Ọjọ́rú ó ní kòkòrò ń rìn lára ògiri, kò mọ ibi tó wà mọ́. Àwọn kan ní ayé ló fi nǹkan ṣe é. Ó ti yá díẹ̀ báyìí. Ṣé ohun tí a ṣe kò dára ni?
(Ẹ̀gbọ́n kan, Ṣábẹ̀ẹ́)

Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ ni ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé, kí ẹ lè ṣàlàyé fún ará ilé tó kù.

Ọtí máa ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Bí èèyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀, ọpọlọ á máa ta ko ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà, á máa fagbára sí i kó lè dọ́gba. Ẹ fi ojú inú wo ẹni méjì tó ń fa okùn, tí wọ́n fà á tó bẹ́ẹ̀ tí kò yẹ̀ sí ibì kan. Bí ọ̀kan bá já ọwọ́ rẹ̀ lójijì, ẹnì kejì á ta gìrì ṣubú. Ọpọlọ ni ẹnì kejì yẹn. Ní ọjọ́ tí ẹ tilẹ̀kùn, ọtí já ọwọ́ rẹ̀.

Bí ẹ ṣe to ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣe máa ń tò. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á bò ó, oorun á dá, àyà á máa já. Gìrì sábà máa ń wá kí wákàtí 48 tó pé. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin ni iyè rẹ̀ lè dàrú: á máa rí ohun tí kò sí, ara á gbóná, kò ní mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń pa èèyàn jù bí kò bá sí ìtọ́jú. Kò sí ayé kankan tó fi nǹkan ṣe é. Ara rẹ̀ ló ń pariwo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ń mu láti àárọ̀, tó gbọ́dọ̀ mu kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró, tàbí tí gìrì ti gbé rí nígbà tí kò rí ọtí, kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nílé láìsí dókítà. Tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ ti mú un lọ sí hôpital de zone (ọsibítù agbègbè) Ṣábẹ̀ẹ́. Ará Kétu á lọ sí ti Pobẹ̀, ará Àjàṣẹ́ á lọ sí ọsibítù CHUD Ouémé-Plateau. Dókítà á fún un ní diazepam, oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, tí wọn ó máa dín kù díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, àti fítámì B1 tí wọ́n ń pè ní thiamine. Ohun tí mhGAP kọ fún ẹni tó ń dáwọ́ ọtí dúró ni thiamine 100 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ 5. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọ̀mùtí ni kí ó tó fa omi ṣúgà sí i lára: ẹni tí B1 ti tán lára rẹ̀, tí wọ́n wá da ṣúgà sí i lára láìkọ́kọ́ fún un ní B1, ọpọlọ rẹ̀ lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ má ra diazepam lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn nílẹ̀ kí ẹ máa fún un fúnra yín. Òun àti ọtí pa pọ̀ máa ń dá èémí dúró, òun náà sì máa ń di bárakú.

A fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí títì mọ́lé àti ẹ̀wọ̀n pẹ̀lú, torí ó ṣì wọ́pọ̀ láàárín wa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin tó dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀ ní Bouaké ní Côte d'Ivoire, ti fi ń tú ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ àwọn aláìsàn ọpọlọ. Ẹgbẹ́ náà ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Ẹni tí a dè mọ́lẹ̀ kò lè sá lọ ra ọtí, òótọ́ ni. Kò sì lè dé ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Àjàṣẹ́. Wọ́n kọ́ wa ní AUDIT, ìwé ìbéèrè 10 lórí ọtí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá bi aláìsàn pé ife mélòó ló ń mu, “mẹ́rin péré” ni wọ́n máa ń sọ, máàkì wọn á sì kéré, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ wọn ti ń wú. Níbo ni mo ti ń ṣì í?
(Nọ́ọ̀sì kan, Àjàṣẹ́)

Ife ni ẹ ti ń ṣì í. Ife tí AUDIT ń sọ kò jọ ife tó wà nílé ọlọ́tí. Giramu 10 ọtí gidi ni ó ń pè ní ife kan. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ yí ohun tí aláìsàn ń mu padà sí giramu. Ìṣirò rẹ̀ rèé: ẹ mú iye mililita, ẹ fi agbára ọtí náà nínú 100 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi 100 pín in.

Ìgò bíà ńlá 60 cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5: 600 × 5 × 0.8 ÷ 100 jẹ́ giramu 24, ìyẹn ife 2 àti ààbọ̀ ní àdínkù díẹ̀. Sódàbì le ju bẹ́ẹ̀ lọ, agbára rẹ̀ sì ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì torí kò sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n níbi tí wọ́n ti ń sè é. Bí ẹ bá fi 50 ṣe òdiwọ̀n, tálópèmí kan tó gba 5 cl jẹ́ giramu 20: ife 2. Ìdá mẹ́rin lítà kan jẹ́ ife 10. Lítà kan jẹ́ ife 40. Ẹmu yàtọ̀, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láàárọ̀ kò ní agbára tó èyí tó dúró di alẹ́, nítorí ó ń kan sí i láti wákàtí dé wákàtí. Nítorí náà ẹ bi í ní ìgbà tó ń mu ún.

Ẹ wá wo ohun tí “mẹ́rin péré” ṣe sí máàkì yín. Ọkùnrin kan ń mu tálópèmí 4 lálaalẹ́. Ìbéèrè kìíní, bó ṣe ń mu sí lọ́sẹ̀, jẹ́ 4, kò sí àríyànjiyàn. Bí ẹ bá kọ ife 4 sí ìbéèrè kejì, máàkì 1 ni. Ìbéèrè kẹta ń bèèrè bó ṣe ń mu ife 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà kan náà sí. Ẹ ó kọ pé kò ṣẹlẹ̀ rí, máàkì 0. Àpapọ̀ jẹ́ 5, ẹ ó sì ní kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ife 8 ló ń mu gan-an. Ìbéèrè kejì jẹ́ 3, ìkẹta jẹ́ 4 torí ojoojúmọ́ ni. Àpapọ̀ di 11 kí ẹ tó dé ìbéèrè kẹrin rárá.

Láti 8 lọ sókè la ti ń dá sí i. Láti 8 sí 15, ẹ bá a sọ̀rọ̀ ṣókí lórí dídín in kù. Láti 16 sí 19, ẹ fi ìjókòó ìmọ̀ràn mélòó kan kún un, kí ẹ sì máa tọ́ ọ wò. Láti 20 dé 40, ẹ fi ránṣẹ́ sí dókítà fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀. Ìbéèrè 8 àkọ́kọ́ ń gba 0 dé 4. Méjì tó kẹ́yìn, lórí ìfarapa àti lórí ẹni tó ti bá a wí, ń gba 0, 2 tàbí 4 péré. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ 1 tàbí 3 síbẹ̀, ìṣirò á sì dàrú.

Ẹ lọ ra tálópèmí, ife bàǹbà àti ìgò òfìfo, kí ẹ to wọ́n sórí tábìlì. Ẹ da omi sínú sírínjì 10 ml kí ẹ fi wọn ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, kí ẹ fi bébà kékeré lẹ iye ife AUDIT mọ́ ọn. Kí aláìsàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí tirẹ̀. Òun náà á rí i pé mẹ́rin òun kì í ṣe mẹ́rin, ẹ̀yin kò sì ní í pè é ní òpùrọ́.

Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ psychologie. Nígbà tí a bá ń ṣe ìdánrawò méjì-méjì, ọ̀gá wa máa ń ní mo ti ń gbani nímọ̀ràn jù. Mo wá ń rò ó pé ṣebí agbaninímọ̀ràn ni orúkọ iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fẹ́ kí n ṣe?
(Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àjàṣẹ́)

Ọ̀gá yín tọ̀nà, orúkọ iṣẹ́ náà ló ń ṣì yín lọ́nà. Láàárín wa, bí ẹnì kan bá mú ẹjọ́ wá, àgbà á gbọ́ díẹ̀, á sì sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ó dára fún ìjà ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀mùtí tó jókòó níwájú yín ti gbọ́ “fi ọtí sílẹ̀” lẹ́nu ìyàwó, ìyá, àlùfáà àti ọmọ tó bí. Bí ẹ bá tún sọ ọ́, á fèsì bó ṣe máa ń fèsì fún wọn, yóò máa gbèjà ọtí. Bó bá ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbèjà rẹ̀ tó ni á ṣe máa gbà á gbọ́ tó.

Ọ̀nà tí ọ̀gá yín ń kọ́ yín ni èyí tí wọ́n ń pè ní entretien motivationnel, tí William Miller kọ́kọ́ ṣàlàyé ní 1983, tí òun àti Stephen Rollnick sì jọ mú gbòòrò lẹ́yìn náà. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ ni pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ló yẹ kó sọ ìdí tó fi fẹ́ yí padà. Irinṣẹ́ mẹ́rin ló ní: ìbéèrè tí “bẹ́ẹ̀ni” tàbí “rárá” kò tó láti dáhùn, mímọ rírì ohun tí ẹni náà ti gbìyànjú, dídá ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún un, àti kíkó ohun tó ti sọ jọ fún un kí ẹ tó kọjá. Ìkẹta ló ṣòro jù, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ. Ọlọ́kadà kan sọ pé: “Tí n kò bá mu níbi tí a ti ń sinmi, wọ́n á ní mo ti di pásítọ̀.” Akẹ́kọ̀ọ́ á fèsì pé: “Ẹ yẹra fún irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀.” Ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ á sọ pé: “Ó ń wù yín láti dín in kù, ṣùgbọ́n ẹ kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ ta yín nù.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tó gbọ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ ní ìparí, kò gòkè bí ìbéèrè. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún nínú yín. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń ni akẹ́kọ̀ọ́ lára, wọ́n á sì fi ìmọ̀ràn dí i. Ẹ jẹ́ kó wà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, inú rẹ̀ ni aláìsàn ti máa ń sọ pé: “Òótọ́ ni, àní lánàá ìyàwó mi…”

Ìbéèrè kan wà tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la: “Bí a bá ní ká fi òdo dé mẹ́wàá wọ̀n ọ́n, báwo ni dídín ọtí kù ṣe ṣe pàtàkì sí yín tó?” Ká ní ó sọ 4. Ẹ má bi í pé kí ló dé tí kì í ṣe 9, torí ìdí tí kò fi lè yí padà ni yóò kà fún yín. Ẹ bi í pé: “Kí ló dé tó fi jẹ́ 4, tí kì í ṣe 1?” Yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìdí tó fi yẹ kó yí padà, láti ẹnu ara rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ẹ ń tẹ̀síwájú, ẹ fi fóònù gba ohùn ìdánrawò ìṣẹ́jú 20 sílẹ̀, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda ẹnì kejì yín. Ẹ tún un gbọ́, kí ẹ máa fa ìlà: ìlà kan fún ìbéèrè, ìlà kan fún dídá ọ̀rọ̀ padà. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ẹ ti ń gbìyànjú. Bí dídá ọ̀rọ̀ padà bá jẹ́ ìlọ́po méjì ìbéèrè, ó dára gan-an. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń rí ìbéèrè rẹpẹtẹ, ọ̀rọ̀ dídá padà kan tàbí méjì. Kí ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú.

Bí ìmọ̀ràn bá sì wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fúnni, ìyọ̀ǹda ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Ó tilẹ̀ bá ọ̀wọ̀ ilé wa mu, pàápàá bí ẹ bá jẹ́ ọmọ ọdún 24 tí ẹni tó jókòó níwájú yín sì jẹ́ 60: “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọtí ń ṣe sí ẹ̀dọ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó sọ bí ẹ ṣe rí i sí.” Kò sí bàbá tó máa ń kọ ìyẹn.

Télọ̀ ni mí, n kò gba BAC. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ń mu trámádọ́ọ̀lù. Ṣé mo lè kọ́ iṣẹ́ yìí?
(Télọ̀ kan, Ṣábẹ̀ẹ́)

Ẹ kò lè máa tọ́jú bárakú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà fún yín tí ẹni tó ní master kò lè ṣe: ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú wọn láti àárọ̀. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ àwùjọ ní kọ́múùnù yín, èyí tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní CPS, kí ẹ béèrè bí àwọn aráàlú tó ń ran òṣìṣẹ́ ìlera lọ́wọ́ ṣe ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ohun mẹ́ta tí ẹ lè kọ́ ni láti dá àmì mọ̀, láti bá wọn sọ̀rọ̀ láìdójú tì wọ́n, àti láti bá wọn dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì.

Ní ti trámádọ́ọ̀lù, ìran oògùn tí morphine wà ni ó wà, ṣùgbọ́n ó tún ń ṣe nǹkan mìíràn nínú ọpọlọ, ìdí nìyẹn tó fi ń fa gìrì bó bá pọ̀. 400 mg lójúmọ́ ni òpin tí dókítà máa ń fún àgbàlagbà. Àwọn hóró tí wọ́n ń tà nílẹ̀ lè jẹ́ 225 tàbí 250 mg ẹyọ kan, nítorí náà hóró méjì ti kọjá òpin. Bí ẹnì kan bá sùn tí kò ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, tí ẹyinjú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má da wàrà tàbí epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Naloxone tí wọ́n ń gún níbẹ̀ lè dá èémí padà, kò dájú pé ó lè dá gìrì dúró.

Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó ti fi í sílẹ̀ fún oṣù kan pẹ̀lú. Ara rẹ̀ ti gbàgbé oògùn náà. Bó bá padà tó sì gbé iye tó máa ń gbé mì tẹ́lẹ̀, ó lè pa á.

Bí ìyá aláìsàn, baálé tàbí lèmọ́ọ́mù bá bi mí ní ohun tó sọ, ṣé mo lè kọ̀?
(Assistant social kan, Kétu)

Ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀. Kí ẹ sì ti sọ òfin náà ní ìjókòó àkọ́kọ́, kí aláìsàn tó la ẹnu: ohun tó bá sọ wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì, àyàfi bó bá fẹ́ pa ara rẹ̀, bó bá fẹ́ ṣe ẹlòmíràn léṣe, tàbí bí wọ́n bá ń fi ìyà jẹ ọmọdé. Fún ìyá tó wá béèrè, ẹ lè sọ pé: “Ìyá, inú mi dùn pé ẹ wá. N kò lè sọ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ẹ lè sọ ohun tí ẹ̀yin ń rí nílé fún mi.” Etí yín ṣí sílẹ̀ fún un, ẹnu yín tì. Kétu kò tóbi. Ẹnu tó bá tú lẹ́ẹ̀kan, ẹnikẹ́ni kò ní wá bá a mọ́.

Aláìsàn mi ti fi ọtí sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó tún mu níbi ìsìnkú. Ó ń sunkún, ó ní òun ti bà á jẹ́. Níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀?
(Olùkọ́ṣẹ́ kan, Àjàṣẹ́)

Láti ibi tí ó dé, ẹ má dá a padà sí òdo. Oṣù mẹ́ta yẹn kò parẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í ní iye tó mu àti ìgbà tó dúró, torí bó bá ti padà sí ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ gìrì tí a sọ lókè tún wọlé. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan, ẹ jọ tún ọjọ́ náà rìn, wákàtí sí wákàtí: ta ló pè é, ṣé ó ti jẹun, ta ló gbé ife fún un, kí ló ń rò kó tó gbà á. Ebi, ìbínú, ìdánìkanwà àti àárẹ̀ ni ẹ máa bá nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ibi tó ti lè yà kúrò lójú ọ̀nà sílẹ̀. Ó máa ń ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ sọ fún un pé bí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ọtí, ìfà náà máa ń gòkè, á sì rọlẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30 lọ́pọ̀ ìgbà, bí kò bá fún un ní nǹkan jẹ. Kó ní ohun tí yóò fi ìṣẹ́jú yẹn ṣe, tó ti yàn ṣáájú: ẹni tí yóò pè, ibi tí yóò rìn dé.

Ìsìnkú kò ní tán láàárín wa, sódàbì kò sì ní kúrò níbẹ̀, nítorí náà ẹ má sọ fún un pé kó má lọ mọ́. Ẹ bá a ṣètò rẹ̀. Kó jẹun yó kó tó kúrò nílé. Kó bá ẹnì kan tó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, kí ẹni náà sì mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà dání. Bí wọ́n bá gbé ọtí kalẹ̀ fún àdúrà, kí àbúrò tàbí ọmọ rẹ̀ gbà á lórúkọ rẹ̀, kó sì ta á sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Kò sẹ́ni tí yóò ka ìyẹn sí àfojúdi. Kó má fi kan ètè. Kó ti ní ọ̀rọ̀ kan tí yóò sọ, kí ẹ jọ dán an wò sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú yàrá yín: “Dókítà ní kí n má fẹnu kàn án, oògùn wà lára mi.” Kí wọ́n sì kúrò níbẹ̀ bí oúnjẹ bá ti tán, kí ìlù tó gbóná.